Ta ló sin èdè Ògù? Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò mi sí Àgbádárìgì

Ọjọ́bọ

Ọ̀rọ̀ pé èdè Ògù, èdè àwọn Ègùn Àgbádárìgì, ti kú, ó ti sú mi láti máa gbọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú o, wọ́n á kàn ní ẹ wò ó, àwọn Ègùn ayé ìsinsìnyí Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ, èdè bàbá wọn ti lọ, ó parí. Èmi wà ní Ìkòròdú níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe, àwọn apẹja Ògù tó ń gbé létí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa máa ń gbé fóònù tí omi wọ̀ wá fún mi, tí mo bá ti tún un ṣe tán wọ́n á fi pe ìyàwó wọn níwájú mi kí wọ́n tó sanwó, Ògù ni wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jà díẹ̀, wọ́n á parí ìjà. Òkú wo ló wá ń jà?

Mo bá ní kí n kúkú lọ síbi tí èdè náà ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ fóònù n'Íkẹjà, ọmọ Àjárá ní Àgbádárìgì ni, òun ló ní kí n lọ máa sùn lọ́dọ̀ màmá òun. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ èyí: Ègùn làwa ń pè wọ́n, Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn, ohun tí wọ́n ń pe ara wọn yẹn lèmi náà á máa lò.

Mo gba Mile 12, mo gba Òṣòdì, mo dé Mile 2, mo wọ mọ́tò Badagry. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gósílóò ni, kòtò ni, eruku ni, a ṣá dé.

Nígbà tá a kọjá Àgbárá ni ohun tí mò ń gbọ́ yí padà. Ṣáájú ibẹ̀ Yorùbá ni, Ìgbò ni, pijin ni, gbogbo wa là ń pariwo lé ara wa lórí. Lẹ́yìn ibẹ̀, màmá kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lé itan bá dírébà sọ Ògù, dírébà fèsì, ọkùnrin kan dá sí i láti ẹ̀yìn, ká tó dé Ibereko ìdajì mọ́tò ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ni wọ́n ń sọ, ó ní owó sìmẹ́ǹtì ni, pé ẹnì kan nínú wọn ń kọ́lé, sìmẹ́ǹtì wọ́n, ó ti dáwọ́ dúró. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn, torí kì í ṣe orin àti oríkì nìkan ni mo wá gbọ́, owó sìmẹ́ǹtì gan-an ni mo wá gbọ́. Kọ̀ndọ́ béèrè owó ní Yorùbá, màmá ẹlẹ́ja fún un lówó ní Yorùbá, ó gba ṣéńjì ẹ̀ ní Yorùbá, ó sì padà sínú Ògù bí ẹni tó padà wọlé ara ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fóònù mi lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Ibi tí gbogbo àlejò ń lọ ni mo kọ́kọ́ lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí táwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845 tó kọjú sí ọ̀sà. Ẹni tó ń mú wa káàkiri fi yàrá tí Àjàyí Crowther gbé hàn wá, ó sọ ìtàn Bíbélì Yorùbá, àwọn ọmọ iléèwé tó wà pẹ̀lú wa ń ya fọ́tò. Ọkàn mi ò sí níbi fọ́tò. Ilẹ̀ Ògù làwọn míṣọ́nnárì wọ̀, igi Agia tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ ẹ̀ ní 1842, ilẹ̀ Ògù ló hù sí, síbẹ̀ èdè tí wọ́n jókòó tì nínú ilé yẹn láti sọ di ìwé, Yorùbá ni. Ó nídìí ṣá. Abẹ́òkúta ni míṣọ́nnárì tó ń jẹ́ Townsend àti Crowther ń lọ, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí ì bá gbà wọ́n lálejò kú ní 1845, ogun sì wà lójú ọ̀nà, wọ́n há sí Àgbádárìgì títí di 1846. Ibi ìdúró lásán nibẹ̀ jẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, Yorùbá bá wọn lọ, ó di ìwé, Bíbélì odidi jáde ní 1884, ó di sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ó di ìdánwò, ó di ìwé ìròyìn, ó di rẹ́díò. Èmi tí mò ń tẹ nǹkan yìí ní Yorùbá lónìí, inú àǹfààní yẹn ni mo ti ń jẹ. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ojú fèrèsé ilé yẹn náà ni wọ́n ti ń gbọ́ Ògù lójoojúmọ́, àwọn tó ń wa ọkọ̀, àwọn tó ń ta ẹja, kò sì sẹ́ni tó tètè fún un ní pẹ́ńsùlù.

Púpọ̀ nínú àwọn Ògù, apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti ṣí wá. Ìjọba Dahomey, ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, ṣẹ́gun Àlàdà ní 1724, ó gba Ouidah ní 1727, àwọn tógun lé kúrò nílé gba etí òkun àti etí ọ̀sà wá síhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí èdè wọn fi bá ti Fọn, ti Ajá, ti Ewe mu, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, Gbè làwọn onímọ̀ èdè ń pe ìdílé náà, ó nà láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí wọ Gánà. Lẹ́yìn náà, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà, Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ̀lẹ́bí kan náà, ìyá wà lọ́hùn-ún, ọmọ wà níhìn-ín.

Ìlà yẹn ni kò jẹ́ kí ìbéèrè pé "ṣé ó ti kú" ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú Benin, èdè ìlú ni, ọlọ́jà ń sọ ọ́, ọlọ́kadà ń sọ ọ́, èèyàn ńlá ń sọ ọ́. Kéèyàn wá sọdá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ síhìn-ín, èdè kan náà á di èdè kékeré, tí wọ́n á máa fi Yorùbá bò mọ́lẹ̀ tí àlejò bá ti dé. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní èdè kan ti kú, mo máa ń fẹ́ bi í pé níbo.

Lọ́sàn-án mo lọ sọ́jà Àgbálátà. Mo ra nǹkan díẹ̀ kí wọ́n má baà máa wò mí, mo dúró ti àwọn alátà àti onítòmátì. Bí màmá kan bá wò ọ́ tójú ẹ dà bí ojú Yorùbá, Yorùbá ló máa fi pè ọ́. Láàárín ara wọn, Ògù ni. Ohun tó dá mi dúró níbẹ̀ pẹ́ ni ọmọbìnrin kan tí ò tíì jáde girama, tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ, Yorùbá tòun ti pijin ni, mo ti fẹ́ máa sọ lọ́kàn mi pé áà, èyí ti lọ. Ìgbà tí obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì dé láti òdìkejì bọ́dà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ọmọ yẹn ṣí Ògù, ó ná apẹ̀rẹ̀ yẹn, ó gbé e yí, ó fi èyí tó ti rà hàn án lábẹ́, ó ná an wálẹ̀, obìnrin yẹn ń bínú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Àṣé ó wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ìgbà tí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá dúró níwájú ẹ̀ ló tó jáde. Òwò bọ́dà yìí ń ṣe fún èdè náà ohun tí iléèwé kankan ò ṣe fún un, èmi ò rò pé àwọn tó ń ti bọ́dà ṣí bọ́dà rántí ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àjárá, lọ́dọ̀ màmá ọ̀rẹ́ mi, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi á kọ púpọ̀ nípa òní torí ibí yìí lọ̀rọ̀ wà.

Òróró àgbọn ni Màmá ń ṣe tà. Ọkùnrin kan ti bó èèpo àgbọn lára irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀bẹ yọ inú ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ti tó gbé omi, àtàwọn ọkùnrin kékeré méjì tí wọ́n ń jẹ àgbọn ju èyí tí wọ́n ń kó lọ. Wọ́n á gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi sí i, wọ́n á fún un nínú asẹ́ títí wàrà ẹ̀ á fi jáde tán, wọ́n á gbé e sílẹ̀ mọ́jú, ọ̀rá á lé sókè, wọ́n á ré e, wọ́n á gbé e kaná. Ti àná ló wà lórí iná nígbà tí mo dé. Màmá ní kí n wá wò ó, ó ń rò ó, funfun yẹn ń pọ́n, òróró ń yọ lára ẹ̀, òórùn yẹn gba gbogbo àgbàlá. Ó ní tó bá ti pọ́n jù báyìí, dúdú ni òróró máa jáde, oníbàárà ò ní gbà á. Ọ̀nà ìṣe yìí, orúkọ gbogbo ìpele ẹ̀ ló ní lẹ́nu ní Ògù: ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìgbà tó ń hó, ìgbà tó kù díẹ̀, ìgbà tó yẹ kéèyàn yára gbé e kalẹ̀. Mo ní kó sọ wọ́n fún mi ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ọmọ mi, mo lè sọ fún ẹ pé ó ti jinná, àbí kò tíì jinná," pé èyí tó kù, òun ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu Yorùbá kankan rí.

Ẹ wá gbọ́ báwọn ọmọ yẹn ṣe ń ṣe. Màmá ò sọ Yorùbá sí wọn rárá. Ó máa ní lọ gbé asẹ́ wá, Ògù ni, ọmọ á dìde, á gbé asẹ́ wá, á ní "Màmá, òun rèé o," Yorùbá ni. Á bá wọn wí ní Ògù, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ ní Yorùbá. Gbogbo ohun tó ń sọ ló ń yé wọn, kò sí èyí tó ń bọ́ sílẹ̀, kódà nígbà tó bá rọra sọ̀rọ̀ burúkú sí ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ àgbọn wọ́n á bú sẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n èdè tó ń wọ etí wọn kọ́ ló ń jáde lẹ́nu wọn.

Lọ́wọ́ ọ̀sán èyí tó jẹ́ obìnrin ń ka àgbọn sínú àpò. Dòkpó, àwè, àtọ̀n, ẹ̀nẹ̀, àtọ́ọ́n, ó débẹ̀, ó ní mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Kò dúró, kò ronú, ó kàn sọdá. Ó kún àpò àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, dòkpó, àwè, àtọ̀n, ó tún débi márùn-ún, ó tún sọdá. Mo gbọ́ ọ títí ó fi kà á tán, àyà mi ń já.

Ní 2003 àwọn onímọ̀ tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kó jọ kọ nǹkan mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ èdè wò, èyí àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni bóyá àwọn àgbà ń fún àwọn ọmọ lédè náà nínú ilé. Wọ́n fún un ní máàkì láti márùn-ún dé òdo. Márùn-ún ni pé gbogbo ọmọ ń sọ ọ́. Mẹ́rin, àwọn ọmọ ń sọ ọ́ ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Mẹ́ta, àwọn ọmọ ò kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè ìyá wọn nínú ilé mọ́. Méjì, ìran ìyá àgbà ló ń sọ ọ́, àwọn òbí ń gbọ́ ọ ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ sọ́mọ. Ọ̀kan, àwọn arúgbó díẹ̀ tí wọn ò rí ẹni bá sọ ọ́. Òdo, kò sẹ́ni tó kù. Ẹ wò ó, òdo nìkan ló ń jẹ́ kíkú, ó sì jìnnà sílé yìí. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí àgbàlá Màmá, mo ń wá ibi tí màá fi ilé náà sí, tí mo bá ṣòótọ́ inú, àárín mẹ́ta àti méjì ló wà. Mo tún rìn yí àdúgbò ká lálẹ́, ilé kẹta sí ti Màmá, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi Ògù ṣeré, wọ́n ń fi bú ara wọn, márùn-ún ni ilé yẹn. Ilé sí ilé ló wà. Ẹni tó bá fi máàkì kan ṣoṣo fún gbogbo Àgbádárìgì, kò rìn yí ibẹ̀ ká rí.

Ìyá àwọn ọmọ yẹn dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi lobìnrin, ó ń ṣiṣẹ́ nígboro, Yorùbá ni ọkọ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀, Ògù ẹ̀ dùn ún gbọ́, ó ń bá Màmá sọ ọ́ bí omi tó ń ṣàn. Mo ní "Àǹtí, ẹ dákun, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í sọ ọ́ sáwọn ọmọ?" Kò bínú. Ó ní "Àbúrò mi, mo lọ iléèwé, ẹ̀ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín mi torí bí mo ṣe ń pe Yorùbá. Bí mo bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, wọ́n á ní Ègùn ti dìde. Tíṣà náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi rín ọmọ tèmi."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ síyẹn? Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ níbí torí àwa Yorùbá ló ń kà á: àwa la rẹ́rìn-ín yẹn. Lójoojúmọ́ là ń pariwo pé òyìnbó fẹ́ pa Yorùbá, pé wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà ní kíláàsì, inú ń bí wa, ó sì tọ́ kó bí wa. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa yẹn gan-an lọ̀pọ̀ nínú wa ṣe fún ọmọ Ògù tó jókòó tì wá, a tún fi dápàárá, a fi orúkọ wọn ṣèébú. Kì í ṣe òyìnbó ló ń lé Ògù kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ Àjárá. Yorùbá ni.

Ọjọ́ Àìkú

Mo bá Màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ògù ni ìwàásù, wọ́n ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún àwa tá ò gbọ́. Bíbélì tí Màmá gbé lọ́wọ́, Ògù ni, ó ti gbó létí. Bíbélì odidi ti wà lédè náà láti 1923, nǹkan ńlá nìyẹn, ọ̀pọ̀ èdè ní Nàìjíríà yìí ò tíì ní in títí di báyìí. Àwọn àgbà gbé tiwọn dání, mo wo ìlà àwọn ọ̀dọ́, fóònù ló wà lọ́wọ́ wọn, Yorùbá tàbí òyìnbó ni wọ́n ń kà lójú ẹ̀. Nígbà tó kan orin ṣá, gbogbo wọn lanu, Ògù ni, wọn ò wo ìwé.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Màmá mú mi lọ kí Bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ tíṣà fẹ̀yìntì. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá ní kí n jókòó, rẹ́díò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní òun kì í fi ìròyìn Ògù lórí Radio Lagos ṣeré, pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kò sí mọ́ ni òun máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ńlá. A sọ̀rọ̀ títí. Ọ̀rọ̀ òfin ló ká Bàbá lára jù. Ó ní ìjọba àpapọ̀ mú èdè mẹ́ta, Haúsá, Ìgbò, Yorùbá, ó pè wọ́n ní èdè ńlá, ìwé òfin 1999 gan-an dárúkọ àwọn mẹ́ta yẹn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá. Èkó ṣe òfin tiẹ̀ ní 2018 pé Yorùbá di dandan ní gbogbo iléèwé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní òun náà pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà òun wá ń wò ó pé ọmọ Ògù tó wà ní Àgbádárìgì, ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni, òyìnbó dandan, Yorùbá dandan, tiẹ̀ dà? Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní pámárì, Bàbá ní ìrètí òun sọ jí, òun ti ń wá ẹni tó máa bá òun kọ ìwé kíkà. Ní November 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó di òyìnbó. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tó dárúkọ ìyẹn.

Mo wá sọ ìtàn èdè Manx fún un. Erékùṣù kan wà láàárín Íńgílándì àti Ireland, wọ́n ń pè é ní Isle of Man. Ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ èdè wọn látìgbà ọmọdé ẹ̀, apẹja ni, Ned Maddrell, ó kú ní 1974. UNESCO kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2009 pé èdè náà ti kú. Àṣé láti 2001 ni iléèwé kan ti wà níbẹ̀ tó jẹ́ èdè Manx ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ yẹn kọ lẹ́tà sí UNESCO ní Manx, wọ́n bi wọ́n pé tí èdè wa bá ti kú, èdè wo la wá fi kọ lẹ́tà yìí? UNESCO tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe. Bàbá pàtẹ́wọ́, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó pe ìyàwó ẹ̀ wá, ó fi Ògù sọ ọ́ fún un.

Bàbá béèrè ìbéèrè tó yẹ: báwo làwọn ọmọ yẹn ṣe rí i kọ́, nígbà tí àgbà ti kú? Mo ní ohùn ni. Ní 1947 olórí ìjọba Ireland, de Valera, lọ síbẹ̀, ó rí i pé àwọn arúgbó ló kù, ní 1948 wọ́n fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Ireland, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, Maddrell wà nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń lọ jókòó tì wọ́n nílé, wọ́n ń kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ti Cornish, èdè Cornwall ní Íńgílándì, le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ju igba ọdún lọ tí Dolly Pentreath tí wọ́n máa ń dárúkọ pé òun ló sọ ọ́ kẹ́yìn ti kú, 1777 ni, inú ìwé ni wọ́n ti lọ hú u, ní 2010 UNESCO yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n ní Bauchi, ní Nàìjíríà níbí, èdè kan wà tó ń jẹ́ Ajawa, àwọn tó ni ín yí sí Haúsá, láàárín 1920 sí 1940 ó ti tán. Lónìí, kò sọ́mọ tó máa kọ lẹ́tà ní Ajawa sẹ́nikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí mo rò nìyí, mo sọ ọ́ fún Bàbá, ó gbà pẹ̀lú mi ní apá kan, kò gbà ní apá kejì. Mo ní ọ̀rọ̀ pé ó ti kú yìí, àwọn tí ò sí níbẹ̀ ló máa ń yá lára láti sọ ọ́, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, gbogbo èèyàn á dáwọ́ dúró, ìjọba ò ní ná kọ́bọ̀ sí i, òbí á ní kí ni mo fẹ́ fi òkú kọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ń pa á. Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí n má fi ìtàn àwọn tó jí tan ara mi, pé Manx tó jí yẹn, ṣé ó padà sẹ́nu apẹja àbí inú kíláàsì ló wà? Ó ní "ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí wọ́n wá jí tèmi, mo fẹ́ kó má sùn." Mi ò ní èsì sí i.

Ọjọ́ Ajé

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marina Àgbádárìgì sọdá sí erékùṣù Gberefu. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun ló wà lọ́hùn-ún, mo rìn ín débẹ̀, mo dákẹ́, mo padà. Àwọn apẹja létí omi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ń tún àwọ̀n ẹ̀ ṣe. Mo tọrọ àyè kí n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó ní kò burú. Mo ní kó kàn máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. Ó di ihò àwọ̀n kan mú, ó na ìka ẹ̀ méjì sínú ẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀, ó mú àwọ̀n mìíràn tí ihò ẹ̀ kéré sí ìyẹn, orúkọ ọ̀tọ̀, ẹja ọ̀tọ̀. Ó kó ẹja tó pa láàárọ̀ jáde, ó ń dárúkọ wọn, àwọn ọmọ ẹ̀ ń du ẹnu mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ kí ohùn tiwọn náà wọ inú fóònù. Ògù ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀, wọn ò ju ọmọ pámárì lọ. Ẹja kan wà tí bàbá wọn pè lórúkọ kan, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní rárá, ìyẹn ṣì kéré, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà tó bá ṣì kéré, bàbá ní ọmọ yẹn gbà á. Mo wà níbẹ̀ mo ń rò ó pé mi ò mọ orúkọ ẹja márùn-ún ní Yorùbá Ìkòròdú tí ìyá-ìyá mi ń sọ, tòun ti pé ẹnu ọ̀sà la ti bí gbogbo wa.

Ní Àjárá lálẹ́, mo jẹ́ kí Màmá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òróró àgbọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Àǹtí ló ń bi í ní ìbéèrè, àwọn ọmọ jókòó yí wọn ká. Mo da gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì, ọ̀kan fún Àǹtí, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ mi, mo tún fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Àǹtí ní òun á máa sọ Ògù sáwọn ọmọ láti aago méje alẹ́ títí wọ́n á fi sùn, pé tí ọkọ òun bá fẹ́ gbọ́, kó wá jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mò ń bọ̀ nílé, inú mọ́tò ni mo ti ń tẹ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó ń sọ Ògù, tàbí Tọli tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀, tàbí èdè mìíràn tí wọ́n ní ó ti kú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni fóònù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹ má ní kí wọ́n dárúkọ orí, dárúkọ ojú, dárúkọ imú fún yín, kò ní pẹ́ sú wọn. Ẹ ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ẹni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè jẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà, torí tí wọ́n bá rí àlejò wọ́n á yí sí Yorùbá. Ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sún mọ́ wọn, ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà wọlé já a. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ orúkọ wọn, abúlé wọn àti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ẹ má fi sórí fóònù kan ṣoṣo. Àìmọye èèyàn ló ti gbé fóònù tó kú wá bá mi, tí wọ́n ń sunkún, kì í ṣe nítorí fóònù, ohùn ìyá wọn ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bọ́ọ̀dù á ti jóná, mi ò ní rí nǹkan kan yọ. Ẹ dà á sí káàdì, ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí tó wà ní Àjàṣẹ́.